Ẹ má lé oníkọ́ńdẹ̀mù, ẹ pín ẹrù náà

Ẹ kú làálàá àdúgbò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù yín ní Ìkòròdú fẹ́ lé ọkùnrin tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, nítorí wáyà tó ń sun lẹ́bàá kánáàlì. Òun náà ní ẹ̀yin lẹ ta ẹrù náà fún òun. Àwọn PSP tó ń kó pàǹtí ní àwọn ò gbé bátìrì àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wá ń béèrè pé ta ni kó kó o. Tèmi ni pé kí ẹ má lé e.

Ẹ̀rọ tó bá ti kú ní ibi tó lówó lórí, ó sì ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Bàbà inú wáyà, kọ̀mpurésọ̀ fíríìjì, òjé inú bátìrì, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, gbogbo ìyẹn kì í pẹ́ tà. Gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, fóòmù fíríìjì, ásíìdì àti rọ́bà ara wáyà ni ẹ ń bá nínú gọ́tà. Owó ibi tó dára nìkan ni oníkọ́ńdẹ̀mù ń san, ẹ̀yin náà sì ń gbà á bíi pé ìyókù ti pòórá. Ibẹ̀ ni ìjà ti wá. Nígbà tí wọ́n wó ọjà pàǹtí Agbogbloshie ní Accra ní oṣù keje ọdún 2021, wáyà sísun ò dópin, ńṣe ló fọ́n ká sí àwọn àdúgbò mìíràn. Tí ẹ bá lé tiyín, Májídùn tàbí ìtòsí ààtàn Èwu Ẹlẹ́pẹ̀ ló máa gbà á lálejò.

Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. PVC ni rọ́bà ara rẹ̀, kílórìn sì wà nínú PVC. Iná ilẹ̀ gbalasa kì í gbóná tó láti jó o tán, bàbà inú rẹ̀ sì tún ń mú kí májèlé tí wọ́n ń pè ní dáíósìn tètè dá sílẹ̀. Dáíósìn kì í bá atẹ́gùn lọ títí. Ó ń balẹ̀, adìẹ ń ṣà á jẹ mọ́ iyanrìn, ó sì ń bọ́ sínú ẹyin. Wọ́n yẹ ẹyin adìẹ Agbogbloshie wò, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019: ẹni tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo ti kọjá ìwọ̀n tí àwọn aláṣẹ oúnjẹ Yúróòpù fàyè gbà lójúmọ́ ní ìlọ́po 220. Ẹni tí adìẹ rẹ̀ bá ń jẹ̀ lẹ́bàá kánáàlì yẹn, kó sé e mọ́lé lónìí.

Ẹ má bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ìlera, owó ni kí ẹ bá a sọ. Bàbà tí wọ́n fi abẹ bó máa ń pọ́n yanran, iye tí wọ́n ń rà á sì ga ju ti èyí tí iná ti sọ dúdú. Wáyà 2.5 tí wọ́n fi ń fa sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ní bàbà bíi gíráàmù 22 nínú mítà kan, nítorí náà bíi mítà 45 ló ń di kìlò kan. Ti 1.5 ní bíi gíráàmù 13, ó ń gbà tó mítà 75. Láti 2.5 sókè, bíbó rẹ̀ rọrùn: ẹ lu ihò tó gba wáyà náà rẹ́gí sínú pákó líle, ẹ kan abẹ mọ́ ẹnu ihò náà kí ẹnu rẹ̀ wọ inú ihò díẹ̀, kí ẹnì kan máa ti wáyà wọlé, kí ẹnì kejì máa fi púláyà fà á. Rọ́bà á là gbọọrọ. Tí abẹ bá rì jù, á máa gé bàbà, wáyà á sì há. Àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ló ń mú iná wá, bíi wáyà ṣájà, ti ìyáfetí àti ti inú tẹlifíṣọ̀n, torí èrè bíbó wọn ò tó owó oúnjẹ ọ̀san. Ẹ kó wọn sínú àpò lọ́tọ̀, ẹ tà wọ́n láìbó fún ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń lọ wáyà, tó sì ń ya rọ́bà kúrò lára bàbà. Iye kìlò kan á wálẹ̀. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ oníkùn ńlá ni ẹrù tó burú jù lọ, torí ohun tó lówó nínú rẹ̀ kò ju bàbà tí wọ́n ká mọ́ ọrùn gíláàsì rẹ̀. Wọ́n á fọ́ ọrùn yẹn, wọ́n á mú bàbà, wọ́n á da ìyókù sígbó. Gíláàsì kan lè ní òjé tó kìlò kan sí mẹ́ta. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, kó jáde ní odindi ni kí ẹ fi ṣe àdéhùn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó jáde kí ti LED tó dé náà ní gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ nínú tó ní mẹ́kúrì, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ ojú rẹ̀ fọ́.

Bátìrì ínfátà olómi ti 200Ah wúwo tó nǹkan bíi kìlò 60, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ òjé. Wọ́n ń da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà kí ẹrù lè fúyẹ́. Òjé ti wà nínú ásíìdì yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú ló sì ń mu omi kànga àti bọ̀hóòlù. Kí wọ́n má ṣí bátìrì kankan ládùúgbò yín. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán nínú ọpọ́n oníke tí kò jò, ẹ dé ìdérí rẹ̀ pinpin, ẹ fi téèpù dí orí méjèèjì, ẹ má to ọ̀kan lé èkejì láìfi pákó sáàárín. Tó bá dànù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò, ẹ fi iyanrìn gbígbẹ sé e, kí ẹ wá bu kánún lílọ̀ sí i. Á máa hó. Ẹ máa bù ú títí tí kò fi ní hó mọ́, lẹ́yìn náà ẹ kó o sínú àpò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da omi sí i ti tì í lọ sí gọ́tà nìyẹn. Eérú ààrò náà ń ṣe é, àmọ́ kánún yá jù ú lọ.

Ẹ má sì rò pé bátìrì ti lọ jìnnà nígbà tó bá kúrò níwájú ilé yín. Ní Ògìjó tó bá yín pààlà, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé wà níbẹ̀. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Àjọ Ìlera Àgbáyé ò ka ìwọ̀n òjé kankan sí èyí tí kò léwu.

Bátìrì fóònù, pawabánkì àti iná sólà: PSP ò jẹ̀bi bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, torí ọkọ̀ wọn ń tẹ ẹrù pọ̀, bátìrì lítíọ́mù tó bá sì fọ́ á gbaná. Ẹ fi téèpù dí ibi tí iná ti ń jáde lára rẹ̀, ẹ tò ó sínú iyanrìn gbígbẹ nínú ìkòkò amọ̀. Èyí tó bá wú, ẹ má gún un. Tó bá gbaná, omi púpọ̀ ló ń mú un tutù, iyanrìn kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Fíríìjì: ẹ wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ R600a ni gáàsì tó ń mú un tutù, ó máa ń gbiná, kí wọ́n má fi gáàsì wẹ́dà gé páìpù rẹ̀. Kí wọ́n má sun fóòmù rẹ̀ náà, èéfín olóró ni.

Bí ẹ ṣe máa pín in nìyí. Onílé àti ayálégbé á mú ẹ̀rọ wá ní odindi, wọ́n á ti yọ síìmù àti káàdì, wọ́n á sì ti dá háàdì díìsìkì lu (ìfọ́mátì lásán kì í nu fáìlì kúrò). Àwọn oníṣẹ́ fóònù àti ti tẹlifíṣọ̀n lẹ́bàá títì á kó bátìrì àti bọ́ọ̀dù tiwọn wá. Wọ́n sábà máa ń gbàgbé wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ló pọ̀ sí jù. Ẹgbẹ́ á pèsè yàrá kan tó ní òrùlé àti sìmẹ́ǹtì nílẹ̀, ìwọ̀n, ìwé àkọsílẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni méjì. Ẹ má tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tó bá ra kọ̀mpurésọ̀ àti bàbà gbọ́dọ̀ gbé gíláàsì náà lọ sí ilé iṣẹ́ àtúnlò tó ní ìwé àṣẹ, kó sì mú ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gba gíláàsì náà wá kí ẹ tó ta ẹrù mìíràn fún un. Ẹ béèrè orúkọ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ EPRON, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àtúnlò ẹ̀rọ tó ti kú ní Nàìjíríà. Tó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Tó bá gbà, ẹ fún un ní àyè tó nílé lórí tó lè jókòó bó wáyà sí, torí òjò ló ń mú wọn yára dáná.

Ẹrù yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 sí 2016 fi hàn pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, ó kéré tán 15,700 nínú rẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Òfin NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, ti 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, gbé ẹrù lé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kó o wọlé lórí, wọ́n sì dá EPRON sílẹ̀ ní 2018 kí owó wọn lè máa gba ibẹ̀ wá. Nítorí náà, lẹ́tà ẹgbẹ́ yín kò gbọdọ̀ mọ sí kánsù. Ẹ kọ sí NESREA àti LASEPA, àjọ àyíká ti ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ fi fọ́tò tó ní ọjọ́ àti aago sínú rẹ̀, kí iye kìlò tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín bá a lọ. Lẹ́tà tí kò ní iye, ẹ̀dùn ọkàn lásán ni wọ́n máa kà á sí.

Ibi tí wọ́n ti ń sun wáyà tẹ́lẹ̀ náà ṣì ń ṣọṣẹ́. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí eérú náà díẹ̀ kó má fò, ẹ fi ṣọ́bìrì kó o sínú àpò méjì tó wọra, ẹ fi sí ibi tí ẹ ń kó gíláàsì tẹlifíṣọ̀n sí, kó má lọ sí kánáàlì. Lẹ́yìn náà, ẹ da lẹ́búláìtì sórí ilẹ̀ náà, kí ẹ sì dá sìmẹ́ǹtì lé e bí agbára bá wà. Kí ẹnikẹ́ni má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀.