Wíwo bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kékeré ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́: ẹ bi olómi ọ̀rá kí ẹ tó bi ọ̀gá

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n wa láti Abẹ́òkúta. Ẹ ní bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n ti sú yín, ẹ fẹ́ wá wo àwọn ẹgbẹ́ kékeré lọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ bèèrè ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ lọ nínú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ (Savè), ẹ sì bèèrè bóyá èèyàn lè ya fọ́tò ní pápá. Inú mi dùn gan-an, torí ọjà Kútọ̀nú nìkan ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà mọ̀ níbí.

Ti ọ̀nà kò le: Ìmẹ̀kọ, Ìlárá, Kétu. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, ẹ ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, kí wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ètò ìdíje gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má gbà á gbọ́, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí èyí tí wọ́n gbé sórí Facebook. Ọjọ́ Sátidé kan, ìdájí ni mo gbéra ní Àjàṣẹ́, mo ń lọ wo eré ní Ṣábẹ. Ọ̀nà yẹn jìn: ẹ máa dé Kútọ̀nú, ẹ máa gba Bohicon àti Dassa kọjá, ó ju 250 kìlómítà lọ. Àárín àpò gààrí àti ọkùnrin kan tó ń sùn lé mi léjìká ni mo há sí látìgbà tá a ti kúrò ní Kútọ̀nú. Ẹsẹ̀ mi kú. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Mi ò fẹ́ rántí. Ìgbà tí mo máa fi dé pápá, màlúù ló ń jẹko níwájú òpó gólì. Kò sí nẹ́ẹ̀tì, kò sí ọ̀pá igun. Eérú tí wọ́n fi fa ìlà níjọ́sí, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀ ẹ́ tán.

Mo pe ọ̀gá kan lára àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà. Ó ní wọ́n ti sún eré síwájú, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì sì ti gbọ́. Mo ní àwa òǹwòran ńkọ́? Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni, ló bá pa fóònù mọ́ mi létí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Irú wọn náà ló máa ń bọ́ sórí rédíò wá sọ pé àwọn èèyàn ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ilé mọ́! Nígbà tí Benin fi pẹnárítì lé Mòrókò jáde ní Íjíbítì ní 2019, gbogbo wọn ló wọ jẹ́sì. Àwọn ọmọ tó ń gbá a lórí yẹ̀pẹ̀ pupa níbí ńkọ́? Wọn ò lè kọ ọjọ́ tó tọ́ sórí bébà fún wọn.

Ọmọbìnrin kan tó ru omi ọ̀rá ló gbà mí. Ó rí mi lábẹ́ igi máńgò, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kò séré níbí lónìí o, ẹ̀yìn ilé ìwé ni wọ́n wà." Mo tẹ̀ lé e. Àdúgbò méjì ló ń figa gbága. Gólì ẹgbẹ́ kan ò ní ìbọ̀wọ́, àkísà ló wé mọ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì mú pẹnárítì. Ariwo tó sọ níbẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní pápá ńlá kankan.

Látìgbà yẹn, àwọn tó ń ta omi, ẹ̀pà àti àkàrà ni mò ń bi. Wọ́n mọ ibi tí eré wà, torí ibẹ̀ lowó wọn wà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹnì kan nínú wọn, kí ẹ pè é lọ́jọ́ eré. Tí kò bá tíì fojú rí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹ jókòó sílé.

Ẹ yẹra fún oṣù kẹfà, òjò á sọ pápá di ẹrọ̀fọ̀. Oṣù kẹjọ ló dáa, àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú ìsinmi, ìdíje àdúgbò sì pọ̀. Ẹ dá iye owó kí ẹ tó gun zem, ìyẹn ọ̀kadà ibí. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ìjà ló máa ń dà.

Ní Àjàṣẹ́, ẹ wọ pápá Stade Charles de Gaulle, ilé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dragons de l'Ouémé. Ìgbà 12 ni wọ́n gba líìgì orílẹ̀-èdè yìí, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ní 2003. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà níbẹ̀, wọ́n á ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà fún yín láìwòwé.

Ti fọ́tò: ẹ kí kóòṣì kí ẹ tó yọ fóònù, ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí ọlọ́pàá.

Kétu ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ó sún mọ́ yín, Yorùbá nìkan á sì tó yín rìn níbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, èdè Gùn àti Faransé pọ̀ lẹ́nu èèyàn. Tí ẹ bá dé Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ẹ bi àwọn tó ń gun zem pé pápá wo ni wọ́n ti ń gbá a lọ́jọ́ náà. Ẹ fi Ṣábẹ kẹ́yìn, kí ẹ sì wá ibi tí ẹ máa sùn síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.