Ímeèlì òbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún Technovation

Ẹ kú ilé o, Bàbá Ìbejì. Mo rí ìbéèrè yín pé ọmọ yín obìnrin, ọmọ ọdún 14, fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ìdíje Technovation Girls, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń ṣe àápù fóònù láti fi yanjú ìṣòro àdúgbò wọn. Ẹ ní báwo ni wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ṣé dandan ni kí ilé ìwé fọwọ́ sí i. Ọmọ tèmi náà ti ṣe é, nílùú Ìbàdàn níbí, ojú wa sì rí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, torí àlàyé tó wà lójúlé wọn dùn ún kà, àmọ́ ibi tí ọmọ ti ń ṣubú kì í hàn níbẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ò le. Ọmọ á lọ sí ojúlé Technovation, á mú un pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun, á kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìlú àti ímeèlì rẹ̀. Ó parí. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó bá mọ WhatsApp lò á ṣe é tán kí omi ìrẹsì tó hó. Ọmọbìnrin láti ọdún 8 sí 18 ni wọ́n ń gbà, ikọ̀ kan ò sì gbọdọ̀ ju èèyàn 5 lọ.

Ibi tó le ni ti àwa òbí. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kọ tirẹ̀ tán, wọ́n á ní kó mú ímeèlì òbí tàbí alágbàtọ́ wá. Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbẹ̀. Òbí á ṣí i, á kà á, á sì tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i, bí ẹni buwọ́ lùwé. Tí òbí ò bá tíì ṣe èyí, kò sí bí ọmọ ṣe lè dá a ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á kàn dúró sójú kan.

Mo rò pé mo ní ímeèlì. Aránṣọ ni mí, ní Mọ́kọ́lá. Ọmọkùnrin tó ta fóònù fún mi ló ṣí ímeèlì náà lórí káńtà rẹ̀, ó ní, "Mummy, mo ti bá yín ṣe gbogbo ẹ̀." Mo dúpẹ́, mo sanwó, mo lọ. Mi ò bi í ní pásíwọ́ọ̀dù, òun náà ò sì sọ. Ní ọdún kejì, wọ́n jí fóònù yẹn mọ́ mi lọ́wọ́ nínú Micra. Mo ra òmíràn, mo ra síìmù tuntun, ayé ń lọ. Ímeèlì yẹn náà ni mo ṣì ń kọ sínú fọ́ọ̀mù báńkì, fọ́ọ̀mù ilé ìwé, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti béèrè. Òun náà ni ọmọ mi kọ síbẹ̀.

Lẹ́tà lọ. A ò rí i ṣí. A ní a ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n ní àwọn máa fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù. Síìmù tí olè gbé lọ ni wọ́n sì ń fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí. Bí mo ṣe dèrò ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù nìyẹn, láti lọ gba láìnì mi àtijọ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa, torí ó ṣì ń dùn mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù tí mo ti débẹ̀. Wọ́n fún mi ní pépà kékeré kan tí wọ́n kọ 74 sí. Mo jókòó sórí àga oníke títí di aago méjì ọ̀sán. Nígbà tó kàn mí, ọmọge tó wà lẹ́yìn gíláàsì ò gbójú sókè wò mí. Ó ní ńẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, kí n padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, ó ní orúkọ tó wà lórí NIN mi àti èyí tí wọ́n fi forúkọ síìmù sílẹ̀ ò bára mu, pé ọ̀kan ní "h", èkejì ò ní. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ orúkọ yẹn lọ́jọ́ tí mo ra síìmù! Ó ní kí n lọ búra ní kóòtù, kí n sì gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pé wọ́n jí fóònù mi. Mo lọ. Mo sanwó níbi méjèèjì. Ní gbogbo ìgbà yẹn, aṣọ ìyàwó kan wà lórí ẹ̀rọ mi tí mi ò tíì fi léèsì sí apá rẹ̀, ìyá ìyàwó sì ń pè mí láàárọ̀, ó ń pè mí lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Ó ní òǹtẹ̀ tó wà lára ìwé kóòtù mi kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ká ní wọ́n sọ gbogbo ohun tí mo nílò fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, ǹ bá ti lọ wá a. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á yọ, bíi pé àkókò àwa tá a jókòó síbẹ̀ ò tó nǹkan kan.

Ọjọ́ 12 lọ báyìí. Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní poli wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń rojọ́. Ó ní, "Mummy, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn ṣí tuntun? Kí ọmọ wọ ojúlé tirẹ̀, kó yọ ímeèlì yìí kúrò, kó kọ tuntun síbẹ̀, kó ní kí wọ́n tún fi lẹ́tà náà ránṣẹ́." Ó jókòó sórí àpótí tí mo máa ń gbẹ́sẹ̀ lé ránṣọ, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣí i hàn mí, èmi fúnra mi ni mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́tà dé, inú Spam la ti rí i, ibi tí ímeèlì máa ń da lẹ́tà tó bá fura sí sí. Mo ṣí i, mo kà á, mo tẹ orúkọ mi. Gbogbo rẹ̀ ò gbà wá ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ọjọ́ 12!

Nítorí náà, kí ọmọ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣí ímeèlì yín nísinsìnyí. Ẹ jáde nínú rẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ tún fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé. Tí kò bá wọlé, ẹ ò ní ímeèlì nìyẹn. Síìmù tó wà lọ́wọ́ yín lónìí ni kẹ́ ẹ fi ṣí òmíràn.

Tèmi tiẹ̀ sàn. Ọmọ 4 ni wọ́n fẹ́ jọ ṣe é. Àápù tí wọ́n ń ṣe, èèyàn á fi kéde pé omi ti gba ojú ọ̀nà báyìí tí òjò bá rọ̀, kí ẹlòmíì má baà kó sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn lọ́dún 2011 mọ ohun tí omíyalé ṣe fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ló ya gbogbo àwòrán inú àápù yẹn, inú ìwé ìṣirò rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ yà á: afárá tí omi bò mọ́lẹ̀, àti ìyá kan tó gbé igbá lórí, tó dúró létí omi tí kò mọ ibi tó máa gbà. Bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ó ní iṣẹ́ àwọn Yahoo ni, òun ò ní tẹ lińkì tóun ò mọ ibi tó ti wá. Mi ò dá a lẹ́bi, wọ́n ti fi irú lińkì bẹ́ẹ̀ kó owó rẹ̀ ní báńkì rí. Àwa òbí tó kù ni mo dá lẹ́bi, èmi gan-an mọ́ wọn. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó gbéra lọ sílé rẹ̀, tó jókòó tì í, tó fi lẹ́tà tirẹ̀ hàn án. Orí WhatsApp la ti ń rán an létí. Ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí pé, ó kọjá. Ọmọ 3 ló wà nínú ikọ̀. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí dé, 3 ló dé. Ọmọ yẹn wá kí ọmọ mi kú oríire, ó fi ìka nu eruku ojú gíláàsì tá a fi há ìwé ẹ̀rí náà sí ògiri, kò sọ nǹkan kan. Ojú ọmọ náà ò tíì kúrò níwájú mi.

Ẹ lọ bá àwọn òbí tó kù nílé wọn, Bàbá Ìbejì. Ẹ má fi ránṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe ara wọn ní amòye o. Ọ̀gá kan wá sí ìpàdé òbí, ó ní ká san ₦20,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún "fọ́ọ̀mù". Kò sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà! Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan náà wà tó fi ímeèlì ara rẹ̀ sí ibi ímeèlì òbí fún gbogbo ọmọ, ó ní kó lè yá. Òun ló wá ń buwọ́ lùwé bí ìyá, tó ń buwọ́ lùwé bíi bàbá. Ó dára bẹ́ẹ̀? Ọmọ yín ni, orúkọ yín ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ̀yin ló sì yẹ kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa àwòrán àti fídíò ọmọ kẹ́ ẹ tó gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè BVN tàbí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì báńkì, ẹ lé e lọ.

Ọjọ́ ìbí: èyí tó wà nínú ìwé ìbí ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín wọn, 8 sí 12, 13 sí 15, 16 sí 18, ẹni tó dàgbà jù nínú ikọ̀ ló sì ń gbé gbogbo wọn lọ sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Tí ọmọ yín tó jẹ́ ọdún 14 bá mú ọ̀rẹ́ tó ti pé 16 mọ́ra, àwọn àgbà ni wọ́n máa bá figagbága. Wọ́n lè yàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó yàn. Orúkọ náà, àwa máa ń fi ti ìdílé síwájú nílé ìwé. Ibẹ̀ kọ́ là ń fi sí lọ́dọ̀ wọn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí àpótí kọ̀ọ̀kan.

Ti fídíò. Wọ́n á ṣe fídíò láti fi àápù náà hàn, wọ́n á gbé e sórí YouTube, lińkì rẹ̀ ni wọ́n á fi sílẹ̀. Ẹ bá mi wo ibi tí YouTube ti ń béèrè ẹni tó lè wò ó. Tí ọmọ bá mú "Private", àwọn adájọ́ ò ní rí nǹkan kan. "Unlisted" ni kó mú, tí ẹ ò bá fẹ́ kí gbogbo ayé rí i. "Private" ni ọmọ mi kọ́kọ́ mú. Lórí fóònù rẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí òun ló ni ín. Ìgbà tí mo tẹ lińkì náà lórí fóònù tèmi la rí i pé dúdú ni, ọjọ́ méjì péré ló kù. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn dán an wò. Kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kí wọ́n má rò pé torí gbogbo àpótí ti kún, iṣẹ́ ti lọ.

Aago tí wọ́n ń lò fún ìgbà tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ni ti California. Wákàtí 8 la fi ṣáájú wọn ní oṣù Kẹrin, 9 ni nígbà òtútù wọn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wọn ní oṣù Kẹrin, aago kan òru ọjọ́ kejì tiwa ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ sórí pépà, kẹ́ ẹ sì parí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí iná.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní irú èyí kì í ṣe tàwa, ẹ sọ fún un nípa àwọn ọmọbìnrin 5 láti Ọ̀nítṣà tí wọ́n ń pe ikọ̀ wọn ní Save-A-Soul. Lọ́dún 2018, wọ́n gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí àwọn kékeré, ní California lọ́hùn-ún, pẹ̀lú àápù tí wọ́n fi ń dá oògùn ayédèrú mọ̀. Mo ka ìròyìn yẹn fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ kan tó ní òun ò ṣe mọ́. Kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ẹ ní èkejì rẹ̀ ọkùnrin ń bínú pé kò sí tòun. Ti obìnrin ni Technovation Girls, òótọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín fún Google Code-in, ìdíje kọ̀ǹpútà tí Google máa ń ṣe fún ọmọ ọdún 13 sí 17 tẹ́lẹ̀. Ti 2019 ni wọ́n ṣe kẹ́yìn, Google ti pa á tì. Kó lọ wo NASA Space Apps Challenge, ìdíje ti NASA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò ojú òfuurufú. Ó máa ń wáyé lọ́dọọdún, òpin ọ̀sẹ̀ kan ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ bi mí nípa ilé ìwé, mo ti fẹ́ gbàgbé. Kì í ṣe dandan. Ìfọwọ́sí òbí ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ti ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá tiwa kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìdánwò ni kí wọ́n gbájú mọ́, kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀, lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, pẹ̀lú láptọ́ọ̀bù tá a yá lọ́wọ́ ọmọ poli yẹn. Tí ẹ bá ti ṣí ímeèlì tuntun, ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi sí ibi tẹ́ ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ yín sí. Tèmi wà nínú dúróà ẹ̀rọ ìránṣọ mi, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì.