Ìrìn-àjò ìsinmi pẹ̀lú àwọn ọmọ: Lọ́kọ́jà, Àgbádárìgì àti etí òkun

Ìbéèrè: Àsàláàmù aláékúmù. Àfáà wa, ọ̀kún o. Kàbà ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọbìnrin ọdún méjìlá, ọkùnrin tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó ń bọ̀ yìí, mo fẹ́ kọ́kọ́ mú wọn lọ sí Lọ́kọ́jà fún ọjọ́ kan, kí wọ́n rí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, kí a sì gun òkè Patti. Lẹ́yìn náà, a ó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi ní Àgbádárìgì, onígbàgbọ́ ni, kí àwọn ọmọ rí òkun àti àwọn ibi ìtàn òwò ẹrú. Ẹnì kan dábàá pé kí a yà ní Òṣogbo wo igbó Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìfowóṣòfò ni gbogbo rẹ̀, pé Ànábì kọ ìrìn-àjò àfi sí mọ́sáláṣí mẹ́ta. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ kí a lọ? Báwo ni a ó ṣe máa kírun? Ṣé mo lè gba owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ yá mi fún un?

Ìdáhùn: Wa aláékúmu sàláàmù wa ráhmátúllàhi wa bárákátúhù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn tó bá a gbé ayé.

Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí ẹ̀gbọ́n yín tọ́ka sí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bukhari àti Muslim, àwọn onímímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Ó ní kí a má di gàárì fún ìrìn-àjò àfi sí mọ́sáláṣí mẹ́ta: ti Mẹ́kà, ti Ànábì ní Mẹ̀dínà, àti Al-Aqsa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ṣàlàyé pé ẹni tó ń gbéra lọ síbì kan nítorí ó gbà pé ìjọsìn níbẹ̀ ní ọlá ju ti ibòmíràn lọ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìrìn-àjò òwò, ìrìn-àjò wíwá ìmọ̀ àti àbẹ̀wò ẹbí, tí àwọn sàábé fúnra wọn ṣe, ìbá ti di èèwọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, nítorí àníyàn ẹ̀sìn ló mú un sọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ ń bá a jiyàn.

Nínú Súúrà Al-Ankabut, ẹsẹ 20, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí àwọn èèyàn rìn lórí ilẹ̀, kí wọ́n sì wo bí Òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Ànábì wa náà bá ìyàwó rẹ̀ Aisha sáré ìje lójú ìrìn-àjò, gẹ́gẹ́ bí Abu Dawud ti gbà á wá. Nígbà tí sàábé kan, Hanzala, sì ń bẹ̀rù pé òun ti di alágàbàgebè nítorí pé ọkàn òun máa ń fúyẹ́ bí òun bá ti dé àárín àwọn ọmọ òun, Ànábì dá a lóhùn pé wákàtí kan wà fún èyí, wákàtí kan sì wà fún ìyẹn. Nítorí náà, ìsinmi tí bàbá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ kì í ṣe òfò. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé ẹ̀tọ́ láti rin ìrìn-àjò kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti dúró níbi gbogbo tí ọ̀nà bá gbà kọjá. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ní ìdájọ́ tirẹ̀, ohun tí ẹ bá sì mú ọmọ lọ wò ni ẹ ń kọ́ ọ láti kà sí pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Bí èlé bá wà lórí owó alájẹṣẹ́kù náà, ẹ má gbà á, nítorí ìgbafẹ́ kì í ṣe ìnira tó ń sọ haráámù di ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Bí kò bá sí èlé, tí owó iléèwé sáà tó ń bọ̀ àti ẹ̀tọ́ àwọn òbí yín kò sì ní tìtorí rẹ̀ yingin, ó lẹ́tọ̀ọ́. Bí owó ò bá tó, ẹ ṣe ti Lọ́kọ́jà lọ́dún yìí, kí ẹ fi Àgbádárìgì sí ọdún mìíràn.

Ní ti ìrun, ìrìn-àjò yín méjèèjì kò rí bákan náà. Lójú ọ̀nà Imam Malik tí a ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ wa, ìrìn-àjò tó ń jẹ́ kí a gé ìrun kúrú gbọ́dọ̀ jìn tó bírídì mẹ́rin ní àlọ nìkan, èyí tó jẹ́ kìlómítà 80 ó lé. Ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́jà sún mọ́ iye yìí tó bẹ́ẹ̀ tí iyèméjì fi wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì ń ṣe iyèméjì nípa jíjìn ọ̀nà, pípé ìrun ló yẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ kírun yín ní pípé lọ́jọ́ Lọ́kọ́jà. Ọjọ́ kan ni, kò ní ni yín lára. Ti Àgbádárìgì kò ní iyèméjì kankan. Gbàrà tí ẹ bá ti kọjá ilé tó kẹ́yìn ní Kàbà ni ẹ lè máa kí Àílà, Alaásàrì àti Ìṣáì ní rakáà méjì-méjì. Mọ̀gáríbì dúró ní mẹ́ta, Àsùbáà sì dúró ní méjì. Ẹ tún lè kó Àílà àti Alaásàrì pọ̀, kí ẹ sì kó Mọ̀gáríbì àti Ìṣáì pọ̀, bí ọ̀nà bá ká yín mọ́. Bí ọkọ̀ èrò ni ẹ máa wọ̀, ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra pé ẹ ó fẹ́ dúró kírun, nítorí ẹni tó bá dákẹ́ títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ ń fi ìrun rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí: bí ẹ bá dé Àgbádárìgì pẹ̀lú èrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti di ará ibẹ̀ nínú ìdájọ́ ìrun. Ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ dá, nítorí náà ìrun pípé ni ẹ ó máa kí láti ọjọ́ tí ẹ bá ti dé, Jímọ́ọ̀ tó bá sì bọ́ sí àárín rẹ̀ di dandan fún yín. Gígé ìrun yóò padà nígbà tí ẹ bá gbéra bọ̀ wálé. Ọmọkùnrin yín ti kọjá ọdún méje tí Ànábì ní kí a máa pa àṣẹ ìrun fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin yín, bí ó bá ti ń rí nǹkan oṣù, ìdájọ́ àgbà ló wà lórí rẹ̀ pátápátá.

Nípa ilé àbúrò ìyàwó yín, dídé sí ilé ẹbí jẹ́ síso okùn ìbátan, kò sì di èèwọ̀ nítorí pé onígbàgbọ́ ni. Ní ilẹ̀ wa tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti ń bí ara wọn nínú ilé kan náà, kò yẹ kí èyí di ìṣòro. Súúrà Al-Ma'ida, ẹsẹ 5, sọ oúnjẹ àwọn tí a fún ní tírà, ìyẹn àwọn Júù àti onígbàgbọ́, di ẹ̀tọ́ fún wa. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí nìkan ni ẹ ó fi sùúrù sọ fún wọn ṣáájú.

Ní Lọ́kọ́jà, ẹ óò gbọ́ tí àwọn kan yóò máa ka ẹsẹ inú Súúrà Ar-Rahman, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ pé Ó jẹ́ kí omi ńlá méjì pàdé tí ìdènà sì wà láàárín wọn, bí ẹni pé Lọ́kọ́jà ni ẹsẹ náà ń sọ. Mo rọ̀ yín, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Súúrà Al-Furqan, ẹsẹ 53, ṣàlàyé pé omi dídùn àti omi iyọ̀ ni, odò Ọya àti Bẹ́núè sì jẹ́ omi dídùn méjèèjì. Ẹ fi àwọ̀ omi méjèèjì hàn wọ́n láti orí òkè Patti, kí ẹ ní kí wọ́n yin Ẹni tó dá a. Ìyẹn tó, kò sí ìdí láti fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ṣe ẹ̀rí ohun tí Kò fi ṣe ẹ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, ẹ rántí pé láti oṣù kẹjọ ni odò náà máa ń kún, àwọn tó rí ọdún 2012 àti 2022 mọ ohun tó lè ṣe. Ọmọ tí kò bá wọ ẹ̀wù amúniléfòó kò gbọdọ̀ wọkọ̀.

Ibi ìtàn ẹrú gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Ní Lọ́kọ́jà, irin òmìnira wà níbẹ̀, tó ń sàmì sí ibi tí àwọn ẹrú ti gba ìdáǹdè; ní Àgbádárìgì, ẹ óò wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wọ ọkọ̀ òkun lọ láìpadà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé Mùsùlùmí wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ láti etí òkun wa: ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, àwọn ẹrú Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde fún òmìnira ní ìlú Salvador ní Bahia, ní Brazil, wọ́n sì bá ìwé tí a kọ ẹsẹ Kùráánì sí lára àwọn tó ṣubú. Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Òtítọ́ ni pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Núpé láti Bídà, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí, kó àìmọye èèyàn láti Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà ní agbègbè Kàbà, títí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Ọmọ wa tó bá lọ sí iléèwé pẹ̀lú ọmọ onígbàgbọ́ yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ìdájọ́ ẹ̀sìn lórí rẹ̀. Ìdájọ́ náà wà nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, pé Ọlọ́hun ní Òun yóò jẹ́ alátakò ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ àjíǹde, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹni tó ta ọmọlúàbí tí kì í ṣe ẹrú, tó jẹ owó rẹ̀. Kò yọ ẹni tó ń jẹ́ Abdullahi sílẹ̀. Nígbà tí Ànábì ń kọjá ní ibùgbé àwọn Thamud, àwọn èèyàn àtijọ́ tí Ọlọ́hun pa run, ó ní kí wọ́n má wọ ibẹ̀ àfi pẹ̀lú ẹkún. Mi ò sọ pé Àgbádárìgì rí bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti má ṣe máa pariwo ẹ̀rín, kí wọ́n má sì máa ya fọ́tò ṣeré níbi tí wọ́n ti de èèyàn mọ́lẹ̀.

Òkun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́. An-Nasai gbà á wá pé Ànábì ka kíkọ́ odò wíwẹ̀ mọ́ ohun mẹ́rin tí kì í ṣe eré lásán. Ohun tó ń ba etí òkun jẹ́ ni ìhòhò, ọtí àti wíwo ohun tí kò tọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, láti ìdodo dé orúnkún gbọ́dọ̀ wà ní bíbò, ṣòkòtò péńpé tó mọ sí àárín itan kò tó. Ìyàwó yín àti ọmọbìnrin yín lè wọ inú omi pẹ̀lú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tó nípọn, ṣùgbọ́n nítorí pé aṣọ tútù máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ibi tí kò sí ọkùnrin àjèjì ni kí wọ́n ti wọ̀ ọ́, kí ẹ sì mú ìborùn ńlá dúró dè wọ́n. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù lẹ́yìn Àsùbáà, lọ́jọ́ iṣẹ́, kí èrò àti orin tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí i pé ó ti di ibi ọtí, ẹ padà, kódà bí ẹ bá ti san owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi omi òkun ṣe àlùwàlá láìsí iyèméjì, nítorí Ànábì dá ẹni tó bi í lóhùn pé omi rẹ̀ jẹ́ mímọ́, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Àkókò òjò ni ìsinmi yín bọ́ sí, ìgbì a sì máa le. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín, kí omi má sì kọjá orúnkún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Súúrà Al-Baqara, ẹsẹ 195, kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa fa ìparun.

Igbó Ọ̀ṣun, ẹ má yà síbẹ̀. Pé UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 kò yí i padà pé ojúbọ tí wọ́n ṣì ń bọ ni, oṣù kẹjọ tí àwọn ọmọ wà nílé sì ni ọdún rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti pa ràkúnmí ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Buwana, ohun tí Ànábì kọ́kọ́ bi í ni bóyá òrìṣà kan tàbí ọdún àwọn aláìmọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ni ín, ẹ má bú wọn lójú àwọn ọmọ, kí ẹ sì gba ọ̀nà yín lọ. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó yà sí, omi gbígbóná Ìkògòsì ní Èkìtì wà, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, bí ẹ bá pa òfin aṣọ mọ́ níbẹ̀ náà.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ fi àkókò tí ẹ ó dé tó ará ilé létí. Bí ẹ bá dé Kàbà ní ọ̀sán, ẹ kọ́kọ́ yà sí mọ́sáláṣí kí ẹ kí rakáà méjì pẹ̀lú ọmọkùnrin yín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ànábì máa ń ṣe bó bá ti ìrìn-àjò dé. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.