Kí o tó kọ lẹ́tà pé o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ọdún mẹ́rin rèé tí o ti wà ní ọ́fíìsì kan ní Alágbàká. Ìwọ lò ń tẹ lẹ́tà, ìwọ lò ń tọ́jú fáìlì, ìwọ lò ń gba àlejò, bí iná bá lọ, ìwọ náà lò ń sáré wá ẹni tí yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀, "ọmọ tó ń bá wa tẹ̀wé" ni ọ̀gá rẹ fi ń júwe rẹ fún àlejò, owó oṣù rẹ kò sì kúrò lójú kan. O wá ń béèrè bóyá kí o kúkú kọ lẹ́tà lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí kí o máa lọ sílé. Jọ̀ọ́, má tíì kọ ọ́. Mo ti kọ irú lẹ́tà yẹn rí, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo jáde ní Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, tí mo sì sin ìjọba tán, mo rí iṣẹ́ ní 2013 ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan nínú Àkúrẹ́ níbí. N kò ní dárúkọ wọn. ₦22,000 ni wọ́n fi gbà mí. Ọ̀gá ní kí n ṣe sùúrù, pé bí ilé iṣẹ́ bá ṣe ń gòkè ni èmi náà á máa bá a gòkè, mo sì gbà á gbọ́. Wọ́n kọ́ wa nílé pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe: aago méje ààbọ̀ mo ti dé, èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn, èmi ni mò ń tì í. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ₦32,000 ni mò ń gbà. Máígáàdì ń kí mi kú iṣẹ́, ìyá oníbúrẹ́dì tó ń kọjá lójúde wa ń kí mi kú iṣẹ́. Ọ̀gá mi kò kí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni, ní oṣù kẹwàá 2019. Ọ̀gá fún mi ní ìwé tó fi ọwọ́ kọ, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí n gbé e wá kóun fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òun ni yóò jẹ́ olórí àbójútó ọ́fíìsì. Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí mo fi kan ibi owó oṣù: ₦65,000. Ìka mi dúró lórí bọ́tìnnì. Mo tún ìwé náà wò bóyá mo ṣì í kà ni, ṣùgbọ́n kedere ló wà níbẹ̀. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e ló wá dá mi lóró jù: ó ní èmi ni màá fi oṣù méjì kọ́ ọ níṣẹ́. Orí bébà tí mo fi owó ọkọ̀ ara mi rà ní Arákalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọn kò tíì dá padà fún mi, ni mo tẹ lẹ́tà yẹn sí. Mo tẹ̀ ẹ́ tán láìsí àṣìṣe kankan, mo sì gbé e lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Inú ń bí mi, omijé ti ń bọ́, mo sì la ẹnu mi níwájú rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ kọ́ níṣẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá, n kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ témi ṣe. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ṣé ẹnì kan so ọ́ mọ́lẹ̀ ni?" Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ju lẹ́tà sílẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó tẹ̀ lé e fún ọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fara gbọgbẹ́.

Àkọ́kọ́, nótíìsì, ìyẹn àkókò tí o gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn ṣáájú pé o fẹ́ lọ. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Labour Act, ti là á sílẹ̀. Bí o kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, nótíìsì ọjọ́ kan ti tó. Láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Láti ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Tó bá ti tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan gbáko ni. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́fà kò fún wọn ní ọjọ́ kan. Wọ́n fi owó oṣù mi dí nótíìsì náà, n kò sì rí ẹnu sọ. Tìrẹ yóò jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, àyàfi tí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà lọ tún un kà. Fi sọ́kàn pé iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé ni òfin yẹn ń dáàbò bò. Ẹni tó bá ti wà nípò àkóso gan-an, lẹ́tà rẹ̀ ni wọn yóò wò. Tí wọn kò bá tilẹ̀ fún ọ ní ìwé kankan láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀, òfin kan náà ló ní kí wọ́n kọ àlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ fún ọ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Béèrè rẹ̀ kí o tó kúrò.

Èkejì ló dùn mí jù, owó ìfẹ̀yìntì. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó mi. Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ fi ìdá mẹ́wàá kún un, kí wọ́n sì san gbogbo rẹ̀ sínú àkáǹtì mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n sanwó fún wa. Òfin 2014 ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15. N kò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Òfin gbà pé tí o bá pàdánù iṣẹ́ tàbí tí o fi í sílẹ̀, tí o kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí o kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, o lè gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Ní oṣù kejì 2020 ni mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú owó náà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi kí n fojú ara mi wò ó. Oṣù mẹ́rìnlélógún péré ló wọlé nínú ọdún mẹ́fà! Mo jókòó síbẹ̀, n kò lè dìde. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, mo so sílíìpù owó oṣù tí mo ní mọ́ ọn, owó náà sì wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tó yá. Sílíìpù yẹn ló gbà mí. Tọ́jú tìrẹ. Lọ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí o sì lè béèrè lọ́wọ́ káṣíà láìsí ìjà.

Nígbà tí mo wà nílé, mo máa ń lọ ran ìyá mi lọ́wọ́ níbi tó ti ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní Ọjà Ọba. Lọ́jọ́ kan, màmá bi mí pé, "Kí ni o tilẹ̀ ń ṣe ní ọ́fíìsì yẹn gan-an?" Mo ní admin ni. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá ń ṣe admin?" Mo ya ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ọdún mẹ́fà, n kò lè sọ fún ìyá tó bí mi ohun tí mo ń ṣe. Mo wá rò ó pé bí n kò bá lè sọ ọ́ fún màmá, kí ni mo fẹ́ kí ọ̀gá rí? Mo ra ìwé nóòtù kan lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó sórí àpò ẹ̀wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún ìyá mi bí ẹni ń kọ lẹ́tà, kò sí gèésì ńlá kankan nínú rẹ̀.

Mo kọ pé ìgbà tí mo dé ibẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni fáìlì àwọn oníbàárà wà, wọ́n lè fi wákàtí kan wá ẹyọ kan. Mo fi nọ́ńbà sí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ó lé, mo kọ wọ́n sínú Excel, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń to àkọsílẹ̀, ó di ohun tí a ń rí láàárín ìṣẹ́jú méjì. Mo kọ pé kò sẹ́ni tó mọ iye dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, mo so ìwé kan mọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n máa kọ lítà tí wọ́n bù sí i àti wákàtí tó lò, nǹkan bí 120 lítà lóṣù sì já sí 85. Mo kọ nípa owó ìnáwó kéékèèké tó máa ń kù díẹ̀ lóṣooṣù kó tó bọ́ sọ́wọ́ mi, àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Ó tó ojú ewé mọ́kànlá. Mo kà á fún màmá. Ó ní, "Gbogbo èyí ni ₦32,000?" Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ti rí ohun tí màá gbé dání.

Kòrónà dé, gbogbo nǹkan tì pa. Oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ́fíìsì kan ní Ọ̀bà-Ilé. Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Obìnrin tó wà láàárín ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe níbi iṣẹ́ yín àtijọ́." Mo ti dín ojú ewé mọ́kànlá kù sí ojú ewé méjì, mo fi í síwájú rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ló dúró sí. Ó béèrè bí mo ṣe mọ̀, ta ló ń kọ ọ́, kí ni mo ṣe nígbà tí olùtọ́jú jẹnẹrétọ̀ kò fẹ́ kọ ọ́. Bóyá ogún ìṣẹ́jú la fi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ó wá béèrè iye tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún èyí: mo ti bi ẹni méjì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn níbòmíràn léèrè. Mo dáhùn pé, "Màámi, ohun tí wọ́n ń san fún mi kò bá iṣẹ́ tí mo ṣe mu. Fún iṣẹ́ tí ẹ kọ síbí, ₦70,000 sí ₦80,000 ni mo ní lọ́kàn." ₦68,000 ni wọ́n fi gbà mí. Ọ́fíìsì yẹn ni mo wà títí dòní, èmi sì ni mò ń ka CV, ìwé tí èèyàn fi ń sọ iṣẹ́ tó ti ṣe, ti àwọn tó ń wáṣẹ́ sí ẹ̀ka wa báyìí. Ẹni mẹ́wàá tí mo bá kà, mẹ́sàn-án á ní òṣìṣẹ́ kára lòun. Mo gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí wọ́n ṣe.

Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ ìwé tìrẹ nígbà tí o ṣì wà níbẹ̀, tí ohun tí o fẹ́ kọ ṣì wà lójú rẹ. Má kó ìwé ilé iṣẹ́ kúrò níbẹ̀ o, má sì kọ orúkọ oníbàárà kankan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìkan ni kí o kọ. Lẹ́yìn oṣù kan, fi ojú ewé kan lọ bá ọ̀gá rẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ ìgbà tí ara rẹ bá balẹ̀ ni kí o lọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìparí oṣù tí wọ́n ń wá owó tí wọn yóò san. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni mìíràn. Sọ iye tí o fẹ́ àti orúkọ ipò tí o fẹ́, kí o sì ní kó fún ọ lọ́jọ́ kan pàtó tó máa dá ọ lóhùn. Tí òṣìṣẹ́ yín bá tó 25, tí owó rẹ kò sì tó ₦70,000, òfin owó oṣù tó kéré jù wà lẹ́yìn rẹ láti 2024. Ìjọba Oǹdó tiẹ̀ fọwọ́ sí ₦73,000 fún òṣìṣẹ́ tiwọn ní 2024. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọn kò mọ̀ lóòótọ́. Tí ọjọ́ tó dá bá kọjá tí kò sọ nǹkan kan, o ti gba èsì rẹ nìyẹn. Máa wáṣẹ́ láìjẹ́ kí ibẹ̀ mọ̀, kó jẹ́ pé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tuntun ti wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó kọ tìrẹ.

Ìlú ìjọba ni Àkúrẹ́. Bí o bá ti ní ò ń wáṣẹ́, ẹnì kan á pè ọ́ pé òun ní àyè ní sẹkitéríàtì tàbí ní FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí, kí o mú owó wá. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sanwó bẹ́ẹ̀, ₦150,000, kò rí iṣẹ́, kò rí owó. Má san kọ́bọ̀. Ilé ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn, báǹkì kéékèèké, hòtẹ́ẹ̀lì, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó mọ ọ́fíìsì tọ́jú, ẹnu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la sì ti sábà máa ń gbọ́. Mọ Excel dáadáa, kí o tó ronú ìwé ẹ̀rí mìíràn.

Ra ìwé nóòtù kan lálẹ́ òní. Kọ ohun tí o ṣe láàárọ̀ yìí síbẹ̀, àní epo jẹnẹrétọ̀ náà. Tó bá ti tó ojú ewé mẹ́wàá, fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ kà á, màá sì sọ èyí tí wàá mú lọ fún ọ.