Bí fóònù bá dákẹ́ ní ọjọ́ triathlon

Arábìnrin mi, ẹ kú ìmúra. Ẹ ní ọkọ yín fẹ́ kópa nínú triathlon ọlọ́nà jíjìn, ìdíje tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sáré tẹ̀léra, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ sì béèrè ibi tí ẹ lè dúró sí kí ẹ fi rí i dáadáa, àti bóyá kí ẹ mú àwọn ọmọ dání. Èmi náà ti dúró de ìyàwó mi níbi irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ojú mi sì rí màbo.

Ẹ má retí pé ẹ óò dá a mọ̀ nínú omi. Kìlómítà 3.8 ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń wọ aṣọ rọ́bà dúdú, tí wọn a tún dé fìlà aláwọ̀ kan náà, tó fi jẹ́ pé apá tó ń lọ sókè sódò nìkan ni ẹ óò máa rí.

Ní ọjọ́ tiwa, mo dúró sí ibi tí wọ́n ń gbà jáde nínú omi, mo ń wo fóònù. Orúkọ àwọn tó wẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó mi ń yọ nínú áàpù tí wọ́n fi ń mọ ibi tí olùdíje dé, tirẹ̀ kò yọ. Nígbà tí mo ti retí orúkọ rẹ̀ tó ìṣẹ́jú 40, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan gbé ẹnìkan wá sí èbúté, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo sì rí etí fìlà aláwọ̀ ewé bíi ti ìyàwó mi. Àyà mi là gààrà. Mo sáré bá alábòójútó kan, mo sọ nọ́ńbà ìdíje ìyàwó mi fún un, kò tilẹ̀ gbójú sókè kí ó tó sọ pé ohun tí kò bá ti sí nínú kọ̀ǹpútà, òun kò mọ̀ ọ́n. Ní àgọ́ ìtọ́jú, wọ́n ní àwọn kì í dárúkọ aláìsàn fún ẹnikẹ́ni, kí n sún sẹ́yìn okùn. Títí di òní olónìí ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti wọ inú àgọ́ lọ wo nọ́ńbà tó wà ní apá onítọ̀hún, kí ó sì mi orí sí mi lásán pé kì í ṣe òun.

Ó tó wákàtí mẹ́ta kí orúkọ rẹ̀ tó yọ lójijì, ní kìlómítà 90 lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ló já bọ́ sínú omi. Wọ́n ti fún un ní òmíràn níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn bá kọjá lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà nìkan ni áàpù ń mọ ibi tó wà. Àmì tó ń rìn lórí àwòrán ọ̀nà láàárín ẹní kan sí èkejì, ìṣirò lásán ni. Táyà tó jò, tàbí ẹ̀rọ tó já, lè mú kí fóònù dákẹ́.

Ẹ má ṣe na omi tàbí oúnjẹ sí ọkọ yín, ẹ má sì bá a sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí òfin kò gba ìrànlọ́wọ́ ará ìta, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nínú ìdíje.

Ní ti ibi tí ẹ óò dúró sí, ojú ọ̀nà eré sísá ló dára jù. Kìlómítà 180 ni ti kẹ̀kẹ́, fìrì ni yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kìlómítà 42.2 ti eré sísá sábà máa ń yí po, ẹ óò rí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ óò sì rí ojú rẹ̀. Ẹ jọ fẹnu kò ṣáájú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ẹ óò wà, lọ́tùn-ún tàbí lósì. Ẹ mú àwọn ọmọ wá ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ìdíje náà lè gba wákàtí 17, ẹ má sì ṣèlérí fún wọn pé wọn óò bá bàbá wọn kọjá ìlà òpin, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn olùṣètò kò gbà á láàyè.

Ibòmíràn ni wọ́n sábà máa ń mú un gbà jáde lẹ́yìn ìlà òpin, fóònù rẹ̀ yóò sì ṣì wà nínú àpò tó kó sílẹ̀ láàárọ̀, nítorí náà kí ẹ ti mọ ibi tí ẹ óò ti pàdé. Kí aṣọ òtútù wà lọ́wọ́ yín. Gbígbọ̀n ni ìyàwó mi ń gbọ̀n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ètè rẹ̀ ti funfun, kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì tí mo gbé wá.