Ṣé omi la ń dà sí ásíìdì ni, àbí ásíìdì sí omi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ bátìrì ni mò ń kọ́ n'Íbàdàn. Ọ̀gá mi ní n kò gbọdọ̀ da omi sí ásíìdì láéláé. Ṣùgbọ́n bí bátìrì oníbàárà bá gbẹ, ọ̀gá kan náà á ní kí n bu omi sí i. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Méjèèjì ni, àbúrò. Ásíìdì inú bátìrì ti gba omi tẹ́lẹ̀: bí bátìrì bá kún fún iná, nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 ìwúwo àpòpọ̀ náà ni ásíìdì. Omi díẹ̀ tí o fi kún un kò lè mú un gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Omi ló sì ń gbẹ kúrò nínú rẹ̀, ásíìdì ṣẹ́ kù síbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ distilled water (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò) nìkan la fi ń dí i.

Ògidì ásíìdì inú kẹ́ẹ̀gì lọ̀gá rẹ ń wí, èyí tó tó ìdá 98 nínú 100. Lítà kan rẹ̀ wúwo tó kílò 1.84. Bí o bá da omi lé e, òkè lomi máa dúró sí. Ibi tí wọ́n ti pàdé á gbóná lójijì, omi á hó, á sì ta ásíìdì sí ọ lójú, bí ìgbà tómi kán sínú òróró gbígbóná. Bó bá jẹ́ ásíìdì lo dà sínú omi, á rì wọlé, omi tó pọ̀ á sì gba ooru náà mọ́ra.

Nítorí náà, omi lítà 3 ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike tó nípọn. Rọra máa da ásíìdì lítà 1 sí i, díẹ̀díẹ̀, kí o máa fi ọ̀pá oníke rò ó. Bí ara ike bá ti ń gbóná jù, dúró ná. Má lo garawa onípáànù: ásíìdì á jẹ ẹ́, gáàsì tó ń gbaná á sì jáde. Jẹ́ kó tutù pátápátá kí o tó fi haidirómítà, irinṣẹ́ tó ń fi bí ásíìdì ṣe wúwo sí omi hàn, wọ̀n ọ́n. Kó wà ní nǹkan bí 1.28.

Bó bá ta sí ọ lára tàbí lójú, bọ́ aṣọ tó kàn, kí omi tó ń ṣàn máa dà síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì gbé ọ lọ sílé ìwòsàn. Mo bẹ̀ ọ́, má fi epo pupa pa á. Má sì rọ ásíìdì sínú ìgò omi mímu láé, nítorí ọmọdé lè gbé e mu.

Bí kò bá sí gógù (awò tó ń dáàbò bo ojú) àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà ní ṣọ́ọ̀bù yín, má pò ó rárá. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti pò tán.