Ṣé kámẹ́rà tí "x" rẹ̀ pọ̀ jù ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọdún 63, Òṣogbo ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí mo ti gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ẹyẹ ni mò ń wò. Àtíòro máa ń wá sórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé mi, ọ̀bọ sì ń bẹ nínú igbó Ọ̀ṣun, àmọ́ tí mo bá fi fóònù yà wọ́n, àmì dúdú kan báyìí ni mo máa ń rí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ní kí n sọ irú kámẹ́rà tí mo fẹ́, òun á rà á dè mí, nítorí mò ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. N kò fẹ́ èyí tí èèyàn ń yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ pààrọ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi sì máa ń ro mí. Àwọn ọmọ tó ń ta kámẹ́rà níbí ní èyí tí "x" rẹ̀ bá pọ̀ jù ni kí n rà. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Olùkọ́, Òṣogbo

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ "x" yìí ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbèsè, èmi náà wà lára wọn. Ìlọ́po lásán ni. Wọ́n á mú ibi tí lẹ́ǹsì náà gùn dé, wọ́n á fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ pín in, ohun tó bá jáde ni wọ́n ń kọ sára páálí. Mìlímítà (mm) ni wọ́n fi ń ka gígùn yẹn. Canon SX70 bẹ̀rẹ̀ láti 21mm, ó parí sí 1365mm, wọ́n pè é ní 65x. Nikon P950 bẹ̀rẹ̀ láti 24mm, ó parí sí 2000mm, ó di 83x. Sony RX10 IV bẹ̀rẹ̀ láti 24mm, ó dúró ní 600mm: 25x péré. Bí ẹnì kan bá ṣe kámẹ́rà tó lọ láti 20mm dé 600mm lónìí, 30x ni wọn yóò kọ sí i lára, ẹyẹ inú rẹ̀ kò sì ní fi bí orí abẹ́rẹ́ tóbi ju ti Sony lọ. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń ṣe nìyí. Ká ní ẹyẹ kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó sì bà sórí ẹ̀ka tó jìnnà sí yín ní mítà 20. Ní 600mm, ìdá kan nínú mẹ́fà ìbú fótò ni ẹyẹ yẹn yóò gbà. Ní 2000mm, yóò gbà ju ìdajì lọ. Ta ni kò ní fẹ́ ìyẹn? Èmi fẹ́ ẹ. Ayẹyẹ ìgbéyàwó ni mò ń yà ní gbogbo Sátidé, owó ayẹyẹ mẹ́ta ni mo kó jọ tí mo fi ra Nikon P900, kámẹ́rà tó jáde ní 2015 tí òun náà dé 2000mm. Kò pẹ́ tí mo fi gbé e lọ sí igbó IITA ní Ìbàdàn. Ẹ̀gà kan wà níbẹ̀, orí rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ dúdú, orúkọ Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ fi pè é, kò sì sí níbòmíràn láyé ju gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wa níbí lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la wọlé. Mò ń gbọ́ ohùn ẹyẹ, n kò rí ẹyẹ. Nígbà tí ọ̀kan yọjú, kò jìnnà sí mi ju mítà 12 lọ. Mo fa súùmù, ewé ni mo rí. Mo tún fà á, ìdí ewé náà ni mo rí, ìṣàn ara rẹ̀ hàn kedere. Kí n tó dá súùmù padà, ẹyẹ ti gba ibòmíràn lọ. Fótò 140 ni mo gbé délé lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta ni mo lè fi han ìyàwó mi, àwọn mẹ́ta yẹn náà rí ṣákiṣàki bíi gàrí tí wọ́n fọ́n sórí aṣọ dúdú. Ó ní, "Ẹyẹ dà?"

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé nínú igbó tiwa, ewé ló ń sọ ibi tí ojú èèyàn lè dé. Ẹyẹ tó bá ti jìnnà jù, igi ti bò ó, kò sí lẹ́ǹsì tó lè la igi kọjá. Èyí tí ẹ bá rí, ó ti wà nítòsí yín ná. Ìmọ́lẹ̀ ló kù tí ẹ ń wá, nítorí abẹ́ igi ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí ló wá gbé wa dé inú kámẹ́rà. Awẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ máa ń bà lé kó tó di fótò, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ti P950, ti Nikon P1000 àti ti Canon SX70 kò ju bíi mìlímítà 6 ní òró àti 4 ààbọ̀ ní ìbú lọ. Èékánná ọmọńdinrín yín jù ú lọ. Ti Sony RX10 IV tó mìlímítà 13 àti 9, ìlọ́po mẹ́rin ni. Nígbà tí Sony bá sì gùn dé òpin, ojú lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì ń là dé f/4, ti P950 a ti dín kù sí f/6.5, bẹ́ẹ̀ bí nọ́ńbà f yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú náà ń kéré sí i. Tí ẹyẹ bá wà nítòsí tó lè kún fótò nínú àwọn méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ tí Sony rí kó jọ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Nikon, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀.

Kí n má tan yín, Sony náà ní ibi tó ti ń kùnà. Ẹ gbé méjèèjì lọ sí etí omi tó fẹ̀, bíi Aṣéjìré, kí ẹyẹ apẹja dúró sórí kùkùté láàárín omi. Àmì mílíọ̀nù 20 ló para pọ̀ di fótò Sony. Tí ẹ bá wá gé e títí ẹyẹ fi tóbi tó bó ṣe tóbi nínú ti P950, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ní pé mílíọ̀nù 2. Nikon ló ni ojú odò àti pápá gbalasa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé, igbó Ọ̀ṣun, London. Ní London, Richmond Park ni kí ọmọ yín mú yín lọ. Oṣù kẹwàá ni àwọn akọ àgbọ̀nrín ibẹ̀ máa ń jà nítorí abo, tí wọ́n á máa bú bí akọ màlúù. Àwọn tó ń bójú tó ọgbà náà ní kí èèyàn fi ó kéré tán mítà 50 jìnnà sí wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ràn, nítorí wọ́n máa ń kan èèyàn. Akọ tí èjìká rẹ̀ ga ju mítà kan lọ díẹ̀, 600mm yóò mú kó gba ju ìdajì gíga fótò láti mítà 50. Ó tó. Ẹ ó tún rí ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé tó ń pariwo lórí igi London. Ẹ má rò pé ojú yín ló ń ṣe yín, wọ́n pọ̀ níbẹ̀ gan-an ni.

Nítorí náà, Sony RX10 IV ni mo mú fún yín. Ó wọ́n. Nígbà tó jáde ní 2017, bíi dọ́là 1,700 ni ní Amẹ́ríkà, nígbà tí P950 jáde ní 2020 ní bíi 800. Bí àpò ọmọ yín kò bá gbé e, kí ó wá Panasonic FZ1000 II. Sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ tóbi bíi ti Sony, 400mm ló parí sí, kò sì ju giráàmù 800 lọ púpọ̀. Àtíòro kì í ṣe ẹyẹ kékeré, 400mm á mú un lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Ti Sony lé díẹ̀ ní kílò kan, P950 náà bẹ́ẹ̀. P1000 tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ nítorí 3000mm, kílò kan àti giráàmù 400 ó lé ni. Pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó ń ro yín, ẹ má dé ìdí rẹ̀ rárá.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó má tíì rà á dè yín. Ẹ jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ gbé kámẹ́rà náà sójú, kí ẹ fa súùmù rẹ̀ tán, kí ẹ wá ka oókan dé ọgọ́ta láìsọ ọ́ kalẹ̀. Tí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n kí ẹ tó dé ogójì, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí ọmọ yín fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan kún un. Kámẹ́rà wọ̀nyí ní ẹ̀rọ tó ń dá ọwọ́ gbígbọ̀n dúró, àmọ́ kò lè dá ẹyẹ dúró. Fún ẹyẹ, ẹ má jẹ́ kí ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó ń pa ojú dé wálẹ̀ ju 1/500 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá.

Ohun méjì ni kí ẹ mú sọ́kàn tí ẹ bá gbé e dé ilé. Àkọ́kọ́ ni ọyẹ́. Gbogbo lẹ́ǹsì tó ń nà tó ń súnkì, bíi ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló rí: ó ń fa afẹ́fẹ́, ó sì ń fa erukú mọ́ ọn. Bí kò sì ti ṣe é yọ, erukú tó bá ti wọlé dé orí sẹ́ńsọ̀ di ti alátùn-únṣe nìyẹn. Sony ní ààbò díẹ̀ sí erukú àti ìrì omi, síbẹ̀ láàárín oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù kejì, inú báàgì ni tèmi máa ń wà títí n ó fi rí ohun tí mo fẹ́ yà. Èkejì ni bátìrì. Fótò bíi 400 ni Sony lè yà kí bátìrì kan tó kú. Ẹ ra méjì kún un, ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Ẹ máa kí àwọn tó ni ilẹ̀ kí ẹ tó gbé nǹkan dúdú gígùn sójú létí igbó. Ní ìhà Ṣakí, ọdẹ méjì yọ sí mi láti ẹ̀yìn, ìbọn ni wọ́n pe kámẹ́rà ọwọ́ mi. Ajá wọn ni mo yà, mo fi hàn wọ́n, ni ẹ̀rín bá dé. Wọ́n tún wá fi ibi tí igún ń sùn hàn mí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo rí P900 tòkunbọ̀ kan tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ẹni tó ń tà á fi ya òṣùpá lójú mi, gbogbo ihò ara òṣùpá ló hàn! Ṣé kí n sanwó?
Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

ÈSÌ: Àbúrò, òṣùpá ni gbogbo wọn fi ń mú èèyàn. Oòrùn ló ń tàn sí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kò sí ewé níwájú rẹ̀, kì í sì í fò. Kámẹ́rà tó ti ń ṣàárẹ̀ pàápàá á yà á.

Padà lọ ní ọ̀sán, mú mẹ́móríkáàdì tìrẹ dání. Fa súùmù náà lọ sókè-sódò bí ìgbà mẹ́wàá, kí o dẹ etí sí i. Tó bá ń ró bí ẹni tó ń rún yanrìn lẹ́nu, má rà á. Ya ògiri funfun ní f/8. Tí àmì dúdú bá wà lójú kan náà nínú gbogbo fótò, erukú ti wà nínú rẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì, bóyá wà á rí èbu tó nà bí òwú aláǹtakùn. Lẹ́yìn náà gbé e lé orí tábìlì, ya pátákó ìpolówó tó jìnnà ní 2000mm, kí o rí i pé lẹ́tà igun ọ̀tún mú bíi ti igun òsì. Béèrè rìsíìtì, kámẹ́rà olè pọ̀ nígboro.

Mọ̀ pé P900 kò ní RAW, ìyẹn fáìlì tútù tí wọn kò tíì sè, tí èèyàn lè tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe dáadáa nílé. P950 ní in. Tí o bá sì rà á, tí o gun Olúmọ ní aago kan ọ̀sán tí o fi 2000mm wo òdìkejì odò Ògùn, ooru orí páànù ìlú á mú kí gbogbo ilé máa jó nínú fótò rẹ. Má gbé kámẹ́rà padà fún ẹni tó tà á fún ọ nítorí ìyẹn. Aago méje àárọ̀, ọjọ́ kejì òjò, ni kí o lọ.

ÌBÉÈRÈ: Fóònù Samsung S23 Ultra mi ń fa nǹkan dé 100x. Kí ni mo tún ń ra kámẹ́rà sí?
Ìyàwó Ṣáńgótẹ̀dó, Èkó

ÈSÌ: Lẹ́ǹsì fóònù yín dé 10x lóòótọ́, bíi 230mm nìyẹn. Láti ibẹ̀ dé 100x, fótò yẹn náà ni fóònù ń gé tó ń fẹ̀ lójú, tó sì ń fi òye ara rẹ̀ dí ibi tí kò rí. Ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre, kí ẹ ya ọ̀bọ kan náà ní 10x àti ní 100x, kí ẹ wá wo irun ojú rẹ̀ nílé. Tí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀ tó dùn yín, ẹ fi owó yín pamọ́.